Oṣù Tí Ojú Kò Rí

"Ó ti lé," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹ wò ó, Ẹlẹ́rìí. Oṣù ti lé."

Àwáwù tẹ ojú mọ́ ihò dígí náà. Lóòótọ́, oṣù wà níbẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí èékánná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó funfun nini láàárín òkùnkùn. Eruku kankan kò sí lára rẹ̀. Ó mọ́ ju gbogbo ohun tó ti fojú kàn láti àárọ̀ ọjọ́ náà lọ, ìyẹn gan-an ló sì mú kí àyà rẹ̀ já.

Ó gbójú kúrò, ó yíjú sí fèrèsé ilé ìṣọ́. Ìta pupa rúsúrúsú. Eruku tó ti bo ojú ọ̀run Òkè-Ọya láti ìgbà tí odò ti gbẹ le lọ́jọ́ náà débi pé iná orí òpó ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ńlá kò hàn, bẹ́ẹ̀ èèyàn lè dúró lójú fèrèsé yìí kó ké pe ẹni tó wà nídìí òpó ọ̀hún, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ẹ. Oòrùn pàápàá ti wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Aago ló sọ fún wọn pé ó ti wọ̀. Wọ́n fi dàbínù àti omi ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n wá gun òkè wá.

"Ṣé o ti rí i?" Imáàmù Bùsàírì ló béèrè, láti orí ẹní tó jókòó sí. Arúgbó ni, ara rẹ̀ ti rọ, tẹ̀súbà rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò, Bàbá."

"Wò ó, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹ̀rọ ti rí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i. Ojú tìrẹ nìkan ló kù. Ìlú ń retí."

Àwáwù mọ̀ pé wọ́n ń retí. Nínú gbogbo ilé tó wà lábẹ́ òrùlé ńlá Òkè-Ọya, àwọn èèyàn ti jókòó ti ẹnu ògiri, ihò kékeré tí ohùn ìjọba máa ń gbà wọlé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń dúró de "Mo rí i" láti ẹnu òun Àwáwù. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, ààwẹ̀ parí, ọ̀la di ọjọ́ Ìtúnnu. Bó bá ní òun ò rí i, wọn yóò gba ààwẹ̀ náà pé ọgbọ̀n ọjọ́, nínú ooru tó ti ń gbé àgbàlagbà lọ sílé ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Òfin Ojú Mẹ́ta, ìyẹn ti ẹ̀rọ, ti imáàmù àti ti ẹlẹ́rìí, ló gbé e dé ilé ìṣọ́ náà. Ọdún kan ti wà tí ẹ̀rọ Òkè-Ọya ní oṣù lé, tí ẹ̀rọ ìlú òdìkejì odò ní kò lé, tí àwọn tó ń lọ sí Yídì àti àwọn tó ṣì ń gbààwẹ̀ pàdé lórí afárá, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Láti ìgbà náà, wọn kì í kéde ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn àfi bí èèyàn ẹlẹ́ran-ara kan bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Wọ́n yan Àwáwù nítorí pé ojú rẹ̀ ríran kedere, nítorí pé olùkọ́ ìṣirò ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, àti nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òun gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ti jẹ́rìí ní èṣí àti ní ìdúnta. Eruku fúyẹ́ nígbà náà. Oṣù tó rí lọ́dún méjèèjì ń gbọ̀n, ó dọ̀tí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, Àwáwù sì sunkún nígbà tó rí i.

Kò rí ẹkún kankan sun lónìí.

"Ojú-Òkè," ó pe ẹ̀rọ náà lórúkọ, "ṣé o rí iná orí òpó?"

"Rárá, Ẹlẹ́rìí. Eruku pọ̀."

"Ṣé o rí oòrùn nígbà tó ń wọ̀?"

"Rárá."

"Báwo lo ṣe wá rí oṣù?"

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù bíi ti nọ́ọ̀sì tó ń tu ọmọ nínú. "Mo mọ ibi tó wà, Ẹlẹ́rìí. Mo mọ bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, mo mọ ìhà tó kọjú sí. Mo nu eruku kúrò, mo sì fi í hàn yín."

"Fi ohun tó o rí kó o tó nù ún hàn mí."

Dígí náà ṣú, ó tún tàn. Pupa ni, kìkì pupa. Àwáwù wò ó láti òkè dé ilẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì, ó wò ó títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé o rí i ni, àbí o mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Ní tèmi, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì."

Àwáwù dìde kúrò nídìí dígí. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Imáàmù dá tẹ̀súbà dúró. "Mo fura," ó ní. "Mi ò bi í, kó má baà dá mi lóhùn."

Ìdáhùn yẹn dun Àwáwù ju irọ́ lọ. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní kéwú. Òun ló sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin pé kó má tìjú láti béèrè ọ̀rọ̀, pé Ọlọ́run tó dá ọpọlọ mọ́ èèyàn lórí kì í bínú sí ẹni tó bá lò ó.

"Jókòó," ni Imáàmù wí. Nígbà tó jókòó tán, bàbá bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìṣirò ẹ̀rọ yìí kò tíì kùnà rí. Ìwọ náà mọ ìṣirò. Sọ ti ọkàn rẹ fún mi: ṣé oṣù ò sí lókè níbẹ̀ ni?"

"Ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, Bàbá. Bí wọ́n bá ní kí n ṣírò ó, n ó ní ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Wọn ò bi mí bóyá ó wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo rí i."

Bàbá mí kanlẹ̀. Kó tó dáhùn, dígí kékeré tó fi kọ́ ọrùn tàn, ojú Dókítà Adétòún, olórí ilé ìwòsàn ìlú, sì yọ níbẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wọ inú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń dúró dè? Mùsùlùmí kọ́ ni mí, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ibùsùn ti tán lọ́dọ̀ mi. Ilẹ̀ ni mò ń tẹ́ àwọn èèyàn sí. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ìṣègùn ní kí wọ́n má gbààwẹ̀, wọn ò dá a lóhùn."

"Ẹ̀rọ yín ní kí gbogbo wa má gbààwẹ̀ ni, Dókítà," Àwáwù dá sí i. "Ó sọ fún èmi náà, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe mí. Ó sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbà á gbọ́ mọ́."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò jiyàn. Ọ̀la ni mò ń sọ. Ọ̀la yóò gbóná ju òní lọ." Dókítà wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ké pè. "Ẹ ṣàánú wa," ó ní, ojú rẹ̀ sì pòórá.

Àwáwù kò lè gbójú sókè. Àlájà Ràbí, ìyá rẹ̀, ló wá sí i lọ́kàn. Gbogbo ará Òkè-Ọya ló ń wọ ẹ̀gbà omi sí ọrùn ọwọ́, ẹ̀gbà tó ń wọn bí omi ṣe kù sí lára èèyàn. Bó bá dára a máa tàn ní àwọ̀ ewé, bó bá burú a di pupa. Láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ ti fi ọ̀já aṣọ wé tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwọ̀ rẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí, nígbà tí ìyá náà fẹ́ dìde lórí ẹní, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú kó tó lè dúró. Ó ní òógbé ni.

Gbólóhùn kan péré, ìyá òun yóò mumi lọ́la láti àárọ̀.

"O ò rí Ọlọ́run rí," ni Imáàmù wí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. "Síbẹ̀ ò ń forí balẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Oṣù lásán wá ni yóò hàn sí ọ lójú kó o tó gbà pé ó wà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Òun fúnra rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ní ọ̀kan náà ni mímọ̀ àti rírí. Ṣé kì í ṣe bí òun náà ṣe ń gbàgbọ́ nìyẹn? Ó gbójú sókè wo Imáàmù.

"Bàbá, Ọlọ́run ò ní kí n jẹ́rìí pé mo fojú rí òun. Ó ní kí n gba òun gbọ́ ni, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù ló ní ká wò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí òfuurufú bá ṣú, ká gbà á pé ọgbọ̀n. Bí mo bá wá parọ́ lórí èyí tí ojú lè rí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń pa lórí èyí tí ojú ò lè rí?"

"O lè sọ pé ojú ìmọ̀ lo fi rí i. 'Mo rí i' náà ṣì ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọn yóò ṣe gbọ́ ọ."

Àwáwù sún mọ́ ẹní Imáàmù.

"Ẹ kéde ìṣirò, Bàbá. Ẹ sọ fún ìlú pé a wò, a ò rí i, ṣùgbọ́n ìṣirò ní ó ti lé. N ó dúró tì yín."

"Òfin ò gbà á. Bí mo bá sì ṣe é, orí afárá la ó tún bára wa." Ó fọwọ́ pa ojú. "Mi ò ní kó o parọ́, Àwáwù. Ọlọ́run gbọ́, mi ò rò pé mo ní kó o parọ́. Mo ń wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní kú ni."

Àwáwù rìn lọ sídìí fèrèsé. Ó gbàdúrà kan ṣoṣo, pé kí Ọlọ́run ṣí eruku náà fún ìṣẹ́jú akàn, kí òun lè fi ojú ara òun rí i, kí ọ̀ràn náà tán. Kò tíì gbàdúrà tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wo ìwọ̀ oòrùn láìṣẹ́jú. Eruku kò ṣí. Pupa náà kàn ń ṣókùnkùn sí i ni.

Ó padà, ó tẹ bọ́tìnnì ìkéde tó ń gbé ohùn lọ sí gbogbo ẹnu ògiri, iná pupa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Èmi Àwáwù, Ẹlẹ́rìí Oṣù Òkè-Ọya," ó ní. "Mo wò. Mi ò rí i."

Ó fẹ́ fi kún un pé kí àwọn tí ara wọn ò dá má ṣe gbààwẹ̀ ọ̀la o, pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún wọn, ṣùgbọ́n iná náà ti kú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí nìkan ni òfin gbà lẹ́nu Ẹlẹ́rìí.

Imáàmù ká ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ," ó ní, ó sì bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Àwáwù kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ẹ̀bi ló dá òun.

Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ló gbà délé, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n ń fẹ́ sí i. Àwọn èèyàn dá ọ̀rọ̀ dúró bó ṣe ń kọjá. Ọkùnrin kan tó gbé ìyá àgbà kan pọ̀n sẹ́yìn dúró síwájú rẹ̀. "Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" ó bi í. Kò pariwo. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni, ó sì kọjá lọ láìdúró gbọ́ èsì.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ògiri. "O káàbọ̀," lohun tó sọ. "Ọbẹ̀ sààrì wà nínú ìkòkò." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé oòrùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba. Òrùlé ńlá ń ké nínú ooru. Àlájà Ràbí ti fi ẹní sílẹ̀, ó na ara sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítorí pé ibẹ̀ tutù díẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Àwáwù bu omi sí ife, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mumi."

"Gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ẹni tí ara rẹ̀ ò dá, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kó jẹun, kó san án padà nígbà tó bá gbádùn, bí kò bá sì lè san án, kó bọ́ aláìní. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà."

"Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ." Ìyá náà ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ara mi ti burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbà yìí, bí mo bá húkọ́ báyìí, a pupa. Ó pupa lọ́dún tó kọjá, mo gbààwẹ̀ mi pé, mi ò kú. Ẹ̀rọ ìṣègùn ń pariwo lójoojúmọ́. Ta ni n ó bi tí yóò sọ òótọ́ fún mi?"

"Ẹ bi mí."

Ìyá rẹ̀ ṣí ojú, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Lánàá, inú bí mi sí ọ," ó ní. "Mo ní ọmọ yìí mọ bí ara mi ṣe rí, gbólóhùn kan ló kù tí yóò sọ, kò sọ ọ́. Mi ò lè sùn. Ìgbà tó di ìdájí ni mo wá rò ó pé ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀ nítorí òótọ́, kò ní í tàn mí jẹ lórí omi." Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀ lórí itan Àwáwù. "Ó dáa. Mo bi ọ́. Wò mí dáadáa."

Àwáwù kò wo ẹ̀gbà náà rárá. Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá rẹ̀ sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà dúró sókè bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tó rún, kò padà. Ó ní kó yọ ahọ́n, ahọ́n náà gbẹ gbáú. Ó bi í bóyá ó ti tọ̀ láti àárọ̀. Ìyá náà ní láti àná òun ò tíì tọ̀.

"Kí lorúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni?"

Ìyá rẹ̀ la ẹnu, ó wá orúkọ náà, kò rí i. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Màmá," ni Àwáwù wí, "ó ti burú tó bẹ́ẹ̀."

Àlájà Ràbí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bísímílláì, ó sì mu omi. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, omijé ń bọ́ sínú ife, ó tún ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Àwáwù po iyọ̀ àti ṣúgà sí èyí kejì, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan, ó ń ka ẹ̀mí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí mímí náà tó balẹ̀. Ìyá náà rántí orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ó pè é, ó sì sùn.

Nígbà náà ni Àwáwù wá gbọ́ ìta. Fèrè ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń dún ní ọ̀nà abẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ìyá tirẹ̀ ti mumi. Ìyá àwọn yòókù ńkọ́? Òun ló ní òun ò rí i. Ó tún un rò yíká, kò rí ibi tí ì bá ti sọ ohun mìíràn, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò fúyẹ́. Ó mọ̀ pé bí ẹnìkan bá kú lónìí, òun yóò gbé e dọ́jọ́ ikú òun, kò sì sí ìṣirò tí yóò gbé e kúrò lọ́rùn òun.

Ó lọ pe Ṣìfáwù, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, kó wá jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé iyọ̀ àti ṣúgà dání, ó sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà abẹ́lẹ̀. Ilé tó kọ́kọ́ kàn, ó kanlẹ̀kùn. Kò sí èsì. Ó tún un kàn.

Bàbá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ di férémù mú kó má baà ṣubú. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́ lánàá," ó ní. "Ìwọ lo ní o ò rí i."

"Èmi ni, Bàbá. Mo wá wò yín. Ta ló tún wà nínú ilé?"

Bàbá náà kò tì í sẹ́yìn. Láti inú yàrá, obìnrin kan ń kérora. Ó pẹ́ kí bàbá náà tó yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwáwù bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé.